Ìjà Kọ́ Ni, Ọ̀rẹ́ Mi

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí gbogbo ilé. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, oorun sì dá lójú mi. Pé ọmọ rẹ ẹlẹ́rìn-ín yẹn ló wá ń sọ láràárọ̀ pé inú ń run òun, kó má baà lọ sí ilé ìwé, nítorí ọmọ kan níbẹ̀ tó ń fòòró rẹ̀, ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

O ní ọ̀gá ilé ìwé pe àwọn méjèèjì, ó ní kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kí kálukú tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ tán. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà, mo mú ọmọ méjì bọwọ́ níwájú kíláàsì, inú mi sì dùn pé mo parí ìjà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n dúró de èyí tó kéré jù níta, wọ́n ní kí ló dé tó lọ fẹjọ́ sùn. Kò sọ nǹkan kan fún mi mọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ wá là mí lóye. Títí dòní, mi ò tíì gbàgbé ojú ọmọ náà.

Ẹni tí agbára wọn bára mu ló ń jà. Dan Olweus, ọ̀mọ̀wé tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Norway, ní ohun mẹ́ta ló máa ń wà nínú fífòòró ọmọ: wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, wọ́n ń ṣe é léraléra, ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí kò sì lè gbèjà ara rẹ̀. Tí a bá wá ní kí wọ́n jọ tọrọ àforíjì, a ti dá ẹni tí wọ́n ń fòòró lẹ́bi nìyẹn.

Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n na èyí tó ń hùwà burúkú náà, tàbí kí wọ́n lé e. Ìbáwí tọ́ sí i, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ẹgba kọ́, ohun tó ń kọ́ ni pé alágbára ló ń borí. Ti lílé ọmọ láìwo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà yẹ̀ ẹ́ wò ní 2008, wọn ò rí i pé ó mú ilé ìwé tòrò sí i.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn ni KiVa, ètò láti dènà irú ìwà yìí tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Yunifásítì Turku ní Finland. Àwọn tó ń wòran ni wọ́n kọjú sí jù, torí ẹ̀rín àwọn òǹwòran ni oúnjẹ ẹni tó ń fòòró ọmọ ẹlòmíì. Wọn kì í kọ́kọ́ kó ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu àti àwọn tó ń yọ ọ́ lẹ́nu pọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu, wọ́n á wá pe àwọn tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà á sì bẹ ọmọ kíláàsì méjì sí mẹ́rin pé kí wọ́n fa ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu náà mọ́ra. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tún padà bi í léèrè.

Nítorí náà, tí o bá padà lọ, má ṣe bèèrè ìyà tí wọ́n máa fi jẹ ọmọ yẹn. Bi wọ́n pé: ta ni yóò jókòó ti ọmọ mi? Ọjọ́ wo lẹ máa tún bi í léèrè? Kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, pẹ̀lú déètì.

Tètè fèsì. Kí o sì bá mi sọ fún ọmọ náà pé mo ní kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.