Ẹ má ka nọ́ńbà mẹ́fà yẹn fún ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Iléṣà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹni tó ń fi WhatsApp ìyá wa kan ní Ọjà Àtakúnmọ̀sà tọrọ owó láti àná, olè ni. Ó ní nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù wọn, ti ìpàdé ni. Kóòdù tí WhatsApp fi ń ṣí àkáǹtì ẹni lórí fóònù mìíràn ni. Wọ́n sì kà á fún un, bó ṣe gba WhatsApp wọn nìyẹn. Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́! Ọmọ Òṣómàáló kì í lóṣòó kówó fólè.

Lálẹ́ òní, ẹ wọ Settings inú WhatsApp, ẹ tẹ Account, kí ẹ tan Two-step verification (ààbò kejì), kí ẹ yan PIN, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tiyín. Kì í ṣe ọjọ́ ìbí o. Ẹ wo Linked devices náà, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó so mọ́ WhatsApp yín: kọ̀ǹpútà tí ẹ ò bá mọ̀ níbẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ẹni tí kò bá yé, kó tètè wá bá mi kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé