Ìkéde fún Ẹ̀yin Olùkọ́ Ẹgbẹ́ Wa ní Kétu

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀ la ó pàdé ní kíláásì tí a máa ń lò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ lọ́tẹ̀ yìí; ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù ni.

Ìwé ìlànà tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́, gbé jáde ní 2018 ka òye 18 lórí lílo kọ̀ǹpútà àti irú rẹ̀ tó yẹ kí olùkọ́ ní. A ò lè dé ìdajì rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ohun méjì péré la ó fọwọ́ bà. Àkọ́kọ́ ni Kiwix, áàpù kan tí a fi ń ka ìwé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ ó gba Wikipedia, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, sínú fóònù lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì máa kà á nígbàkúùgbà. Ti Yorùbá wà níbẹ̀, àmọ́ ti Faransé pọ̀ jù ú lọ. Èkejì ni GeoGebra, áàpù ìṣirò tó wù mí jù: ẹ ya onígun mẹ́ta, ẹ fa igun rẹ̀ kan síhìn-ín sọ́hùn-ún, igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa yí lójú àwọn ọmọ, àròpọ̀ wọn ò sì ní kúrò ní dígírì 180. Ọmọ tó fojú rí i kò nílò kó há a sórí.

Kálukú máa múra iṣẹ́ kan tó máa kọ́ ní kíláásì rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Kò sí sàtífíkéètì.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ní ọwọ́ yín ti le, ẹ̀yin gan-an là ń retí. A ó fi ọ̀dọ́ kan tì yín.

Ẹ gba iná sí fóònù yín kí ẹ tó wá, kí àyè sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má ra dátà, gbogbo rẹ̀ wà lórí fílàṣì. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́