Ẹ Ha Họ́ọ̀bù Kẹ́ Ẹ Tó Ra Dísìkì

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde nítorí àwọn onímọ́tò ẹgbẹ́ mi. Owó tí mo ti ná sórí sítíárìn tó ń gbọ̀n láti ìgbà ọyẹ́ títí wọ àsìkò òjò yìí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ọkọ mi náà máa ń ka ìwé ìròyìn yín.

Tíṣà ni mí. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, Oǹdó ni iléèwé wa wà, ojoojúmọ́ lèmi àti Camry Big Daddy mi jọ ń gba ọ̀nà Owena lọ tá a tún ń gbabẹ̀ bọ̀. Tí mo bá ti ń sá dé 80 tàbí 90, tí ọlọ́kadà kan wá já látinú igbó tí mo tẹ bíréèkì, sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ajọ̀ ẹlẹ́lùbọ́. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ó dákẹ́ rọ́rọ́.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní balancing táyà ni, a ṣe é, pàbó ló já sí. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé tó bá jẹ́ táyà ni, kò ní dúró de bíréèkì, eré lásán á ti mú un máa gbọ̀n. Èkejì pààrọ̀ tie rod àti ball joint, àwọn irin oríkèé tó so sítíárìn àti ẹsẹ̀ mọ́tò pọ̀, ó ní wọ́n ti jẹ, ó sì lè jóòótọ́ o, torí tí wọ́n bá ti ń mì wọ́n máa ń dá kún gbígbọ̀n yẹn, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló bí i. Ẹ̀kẹta ní dísìkì, irin róbótó tí páàdì máa ń fún mú tá a bá tẹ bíréèkì, ti lọ́, kí n ra méjì tuntun pẹ̀lú páàdì. Mo rà á. Ọkọ̀ ń lọ geere, mo tiẹ̀ ń yin ọkùnrin náà kiri ọ́fíìsì àwọn tíṣà, kò pé oṣù méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Bàbá àgbà kan l'Óǹdó, iwájú ilé ara wọn ni wọ́n ti ń ṣe mọ́tò, àwọn ló kọ́kọ́ bi mí léèrè ohun tẹ́nikẹ́ni ò bi mí. Wọ́n ní, “Màmá, tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n ni àbí ìdí yín?” Ẹ̀rín pa mí, mo ní ọwọ́ ni sà. Wọ́n ní iwájú nìyẹn, tó bá jẹ́ ìdí, lórí àga, ẹ̀yìn làwọn ò bá kọ́kọ́ wò.

Wọ́n fi jáàkì gbé e, wọ́n yọ táyà, wọ́n dá nọ́ọ̀tì padà kó lè di dísìkì mú. Wọ́n wá so wáyà kan mọ́ ìdí ṣọ́ọ̀kì, wọ́n tẹ ẹnu ẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dísìkì, wọ́n ní kí n máa fọwọ́ yí i. Apá ibì kan, wáyà ń ha á, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀. Apá kejì, kò kàn án rárá. Dísìkì tuntun o! Ìgbà tí wọ́n yọ dísìkì ọ̀hún, ojú họ́ọ̀bù tó jókòó lé ti dógùn-ún, ó ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Ẹni tó bá mi de dísìkì ò ha á, orí ìpẹtà ló gbé e lé. Àyè tí wọ́n gba dísìkì láti fi yẹ̀ tó bá ń yí, nǹkan bíi 0.05 mm péré ni, ìyẹn ò ju sísanra irun orí lọ, kí ìpẹtà díẹ̀ ṣáà wà lábẹ́ ẹ̀, ó ti parí. Díẹ̀ díẹ̀ ni páàdì á máa jẹ ẹ́ níbì kan ju ibòmíì lọ, á nípọn níbì kan á fẹ́lẹ́ níbòmíì, gbogbo ìgbà tí ibi tó nípọn bá ti kọjá láàárín páàdì lọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n.

Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà ha họ́ọ̀bù títí ó fi ń dán. Pín-ìnnì kálípà, ìyẹn irin tó di páàdì mú, ọ̀kan nínú wọn ti gan, wọ́n nù ún, wọ́n fi gírísì bíréèkì sí i. Wọ́n fi vernier, irin tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, wo bí dísìkì ṣe nípọn tó, ó ṣì ju 26 mm tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pé kò gbọdọ̀ dín sí, wọ́n bá gbé e lọ sọ́dọ̀ tọ́nà kó fá a kó dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì ló wá dùn mí jù. Márùn-ún ló wà lẹ́sẹ̀ Camry, 103 Nm (ìwọ̀n agbára tá a fi ń de nọ́ọ̀tì) ni wọ́n ní ká dè é dé, ká dá a sí igun, ká fo ọ̀kan ká tó de ọ̀kan, kí dísìkì lè jókòó dọ́gba. Àwọn fọkanáísà wa ńkọ́? Páìpù ni wọ́n máa ń kì bọ sípánà tí wọ́n á wá gùn ún bí ẹni gun kẹ̀kẹ́! Mi ò sọ pé iṣẹ́ wọn ò dáa o, táyà mi ti jò ní Bọ́lọ́rundúró rí, ẹ̀mí mi ni wọ́n gbà là, ṣùgbọ́n látìgbà yẹn èmi ni mò ń dúró tì wọ́n, mo sì ń ka nọ́ọ̀tì fún wọn bíi pé kíláàsì ni mo wà.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá mo tẹ bíréèkì lórí 90 níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan kí n tó dé Owena, sítíárìn ò ta pútú. Dísìkì méjì tí mo kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ ṣì wà lẹ́yìnkùlé, àwọn ni mo fi tẹ tapólì orí ilé adìyẹ mi. Mo yá vernier bàbá, mo wọn ọ̀kan: 27 àti díẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà ọlọ́kọ̀ kan, Àkúrẹ́.