Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì: ẹ̀gbà ọwọ́ màmá ti wà lórí tábìlì mi

Ìyá Ìbejì mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn ò tíì mú jù? Àwa náà wà ńbí o, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé o ti ń retí kí n sọ nǹkan kan nípa ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà màmá tó là yẹn látọjọ́ tó o ti kó o lé mi lọ́wọ́ nígbà tó ò ń lọ sí èápọ́ọ̀tù, mi ò gbàgbé, ọwọ́ mi ni ò tíì dá a lójú, mi ò sì fẹ́ fi nǹkan màmá kọ́ṣẹ́. Ní báyìí mo ti ní ibi iṣẹ́ fàdákà tèmi nínú ilé yìí, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí fún ẹ ká tó dé orí ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn.

O rántí yàrá ẹ̀yìn kékeré tá a máa ń kó táyà àti àpò ẹ̀wà sí, èyí tí fèrèsé ẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò? Mo ti kó gbogbo ẹrù yẹn kúrò, mo ká kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ kó ku símẹ́ńtì nìkan torí iná àti kápẹ́ẹ̀tì ò bára mu. Mo pe káfíńtà, mo ní kó kan tábìlì tó máa ga dé àyà mi tí mo bá jókòó, ó ní tábìlì wo ló ń ga tó yẹn, mo ní kó ṣáà kàn án fún mi. Iṣẹ́ ojú niṣẹ́ yìí, tí tábìlì bá wà nísàlẹ̀ wàá tẹ̀ba lé e látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yìn lá á sì sanwó ẹ̀. Ó gé etí ẹ̀ wọnú bí oṣù tuntun, ibẹ̀ ni mò ń jókòó sí, mo wá so awọ ewúrẹ́ kan mọ́ abẹ́ ẹ̀ kó máa gba gbogbo ẹ̀rún fàdákà tó bá ń bọ́ lẹ́nu fáìlì àti ayùn. Mi kì í gbá a dànù, inú ike kan ni mò ń dà á sí, tó bá pọ̀ màá yọ́ ọ padà.

Iná ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. O ti rí bí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù wa ṣe ń ṣe é, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tẹ pọ́ǹpù tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú agolo pẹtiróòlù, iná á máa jáde lẹ́nu ọ̀pá kékeré lọ́wọ́ wọn. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti ń lò ó tipẹ́tipẹ́, ọwọ́ wọn mọ iná yẹn bí ọwọ́ ìyá alákàrà ṣe mọ epo gbígbóná, àmọ́ èmi lọ́mọ nílé, mi ò lè gbé pẹtiróòlù wọ yàrá. Gáàsì ìdáná ni mò ń lò. Ìta ni sílíńdà wà, mo fi ṣéènì dè é mọ́ ògiri, rọ́bà ẹ̀ ló gba ojú ihò wọlé, alaalẹ́ ni mo sì ń fọwọ́ ara mi tì í pa, mi kì í rán ọmọ. Fèrèsé ò gbọdọ̀ wà ní títì tí mo bá ń ṣiṣẹ́, garawa iyanrìn sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé wọ́n lè mú iná mànàmáná wọn lọ bó ṣe wù wọ́n, iṣẹ́ mi ò ní dúró. Ayùn, ọwọ́ ni. Fáìlì, ọwọ́ ni. Òòlù, ọwọ́ ni, gáàsì ló sì ń jó o. Mọ́tò kékeré tí mo fi ń dán nǹkan nìkan ló ń retí iná, tí ò bá sì sí, màá mú sánpépà, màá bẹ̀rẹ̀ látorí nọ́ńbà 400, màá bọ́ sí 600, 800, títí dé 1200, ó máa ń pẹ́ ṣùgbọ́n ó máa ń dán.

Wò ó, jẹ́ kí n sọ bí fàdákà ṣe ń ṣe lójú iná, torí òun gan-an ni mo jókòó tì fún bí oṣù mẹ́ta. Fàdákà tá a ń lò kì í ṣe fàdákà lásán, nínú 1,000 ó jẹ́ 925 fàdákà, 75 tó kù jẹ́ bàbà, torí fàdákà nìkan rọ̀ jù, tó o bá fi ṣe òrùka á máa tẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń fọṣọ. Tó o bá ń lù ú, ṣe lá máa le sí i, tó o bá tún fipá lù ú nígbà tó ti le, á là. O gbọ́dọ̀ gbé e padà sójú iná kára ẹ̀ rọ̀, bíi 650 lórí ìwọ̀n Celsius, àmọ́ ta ló ní ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n? Àwọ̀ ẹ̀ lèèyàn ń kà. Á kọ́kọ́ dúdú díẹ̀, lẹ́yìn náà á wá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, pípọ́n kan báyìí tí oòrùn ò ní jẹ́ kó o rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ta aṣọ dúdú sí igun tí mo ti ń daná, fèrèsé wà ní ṣíṣí àmọ́ igun yẹn ṣókùnkùn díẹ̀. Òrùka àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ọ̀sán gangan ni mo gbé e síná níta, mi ò rí pípọ́n yẹn rárá, mò ń rò pé kò tíì gbóná, àfi bó ṣe ká jọ gbirigbiri bí ìlẹ̀kẹ̀ lójú mi. Nǹkan bí 802 ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó sì súnmọ́ ìwọ̀n tí sọ́dà, ìyẹn ohun tá a fi ń jó fàdákà pọ̀ mọ́ra, ti ń yọ́ gan-an.

Sọ́dà yẹn náà, fàdákà ni, wọ́n kàn po nǹkan mọ́ ọn kó lè tètè yọ́ ni. Wàá gé e wẹ́wẹ́, á kéré ju èèpo ìrẹsì lọ, wàá fi bọ́rásì, ìyẹ̀fun funfun tó ń jẹ́ kí sọ́dà ṣàn, tó o pò mọ́ omi kun ojú ibi tó o fẹ́ jó, wàá wá máa yí iná ká gbogbo ara nǹkan náà. Má kọjú iná sí sọ́dà nìkan, torí ibi tó bá gbóná jù ló máa ń sáré lọ. Bọ́rásì á wú funfun bí ìfọ́fọ̀ ọṣẹ, á rọlẹ̀, á wá mọ́ bíi gíláàsì, kó o tó ṣẹ́jú, ìlà fàdákà kan tó ń kọ mọ̀nà á sáré gba àárín ojú méjèèjì yẹn kọjá. Ìyá Ìbejì, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pa iná, mo jókòó, omi bọ́ lójú mi.

Tó bá kúrò níná á ti dúdú, inú omi álúmù gbígbóná la máa ń rẹ ẹ́ sí kó lè funfun (mo ra ìkòkò àti síbí ẹ̀ lọ́tọ̀, wọn ò gbọdọ̀ kan ilé ìdáná). Ẹmú bàbà la fi ń yọ ọ́. Mo ti fi ẹmú irin yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo yẹtí tí mo fi odindi ọ̀sẹ̀ ṣe ló di pupa bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, bàbà tó wà nínú omi yẹn ló gùn wọ́n lára. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi fi sánpépà bó o kúrò.

Ó yá, ẹ̀gbà ọwọ́ màmá.

Mo fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo inú ẹ̀, ó ní àmì mẹ́rin tí wọ́n lù síbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ kìnnìún tó ń rìn, ìyẹn ni pé fàdákà 925 ni lóòótọ́, ọ̀kan sì jẹ́ ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi. Ṣé o mọ ìlú tó ni ìdákọ̀ró yẹn? Birmingham níbi tó o wà yẹn ni! Láti 1773 ni ọ́fíìsì tó ń yẹ fàdákà wò níbẹ̀ ti ń lu àmì yẹn. Ìyẹn ni pé kí màmá tó rà á nígbà tí wọ́n ń ṣe nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, ìlú tó ò ń gbé lónìí ló ti kọ́kọ́ kọjá. Ọ̀rọ̀ náà ń jọ mí lójú látàná.

Ibi ìdè ẹ̀ ló là bó o ṣe sọ, àmọ́ ẹnì kan ti tún un ṣe rí, lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń ṣe rédíò lẹni náà fi jó o. Ó dùn mí gan-an torí ohun tó burú jù téèyàn lè fi kan fàdákà nìyẹn, tó o bá gbé e síná báyẹn, ṣe ni lẹ́ẹ̀dì á jẹ ẹ́ wọnú, á sì lu ihò sí i. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ha á kúrò díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré àti fáìlì, mo ń wò ó lábẹ́ awò títí tí mi ò fi rí àwọ̀ eérú kankan mọ́. Mo wá jó o ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí ilé dákẹ́. Ó ti mú o, mo ṣí i, mo pa á dé nígbà ogún, ó ń dún kọ̀ bó ṣe máa ń dún nígbà tí màmá bá ń bọ́ ọ kí wọ́n tó po ẹ̀bà.

Tó o bá ráyè, bá mi ra abẹ ayùn nọ́ńbà 2/0 àti 3/0, dọ́sìnnì mẹ́rin mẹ́rin, ó máa ń ṣẹ́ bí ìgbálẹ̀, àwọn tí mò ń rí níbí ò sì mú. O lè fún ẹni tó ń bọ̀ nílé ní Ọjọ́ Ìsinmi kó bá mi mú un wá. Ti pé kó o máa bá mi ta òrùka lọ́hùn-ún, ṣe sùúrù ná, òfin yín ní ohun fàdákà tó bá wọ̀n tó 7.78 gíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba àmì kéèyàn tó pè é ní fàdákà lọ́jà, yẹtí kéékèèké la máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ bi ẹ́ nìyí, mi ò sì ní ṣe nǹkan kan títí màá fi gbọ́ ohùn ẹ. Ẹ̀gbà ọwọ́ náà ṣì dúdú níbi tí mo jó, ó yẹ kí n dán an, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni àwọn àmì yẹn wà, wọ́n sì ti ṣá, tí mo bá dán an dáadáa ìdákọ̀ró yẹn lè parẹ́. Ibì kan tún wà lẹ́yìn ẹ̀ tó tẹ̀ wọnú díẹ̀, mo lè nà án, àmọ́ mo rò pé ibi tí màmá máa ń fi gbá etí odó ni. Ṣé kí n nà án, àbí kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Bá mi kí bàbá àwọn ìbejì, fẹnu ko àwọn ọmọ náà lẹ́nu fún mi.

Èmi ni tìẹ,
Ìyá Mofẹ́