Bùkọ́, Àdùkẹ́ ti bí ìbẹ́ta

Bùkọ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́, òtútù ibẹ̀ yẹn ńkọ́? Ọyẹ́ ti wọ Ìjẹ̀bú-Igbó náà o, ètè gbogbo wa ti bẹ́, eruku ti gba gbogbo aṣọ tí mo rán kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò fẹ́ fi fóònù sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, torí tí mo bá gbọ́ ohùn ẹ pẹ́nrẹ́n màá bú sẹ́kún, ìwọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ tìẹ lẹ́nu iṣẹ́, mo mọ̀ ẹ́. Fara balẹ̀ kà á.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tayọ̀ ná. Àdùkẹ́ ti bímọ! Ìbẹ́ta! Àdùkẹ́ ọmọ-ọmọ Elétí-kan o, Elétí-kan tó jẹ fọ́ọ̀mù JAMB ẹ tí Màmá fi ní ewúrẹ́ yẹn ló máa lọ yunifásítì lọ́dún náà. Mo ti mọ̀ pé ó ti kù díẹ̀, torí oṣù márùn-ún loyún ewúrẹ́, mo sì ti ń ka oṣù látìgbà tí òbúkọ ilé Alájà ti já okùn wá bá a. Láti àárọ̀ ló ti kọ oúnjẹ, ó ń fẹsẹ̀ wa ilẹ̀, á dùbúlẹ̀, á tún dìde, ọmú ẹ̀ ti le gbandi, ìdí ìrù ẹ̀ ti rọ̀ wọnú. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa mo lọ jókòó tì í. Méjì àkọ́kọ́ ò yọ wá lẹ́nu rárá, ọwọ́ ló kọ́kọ́ jáde, orí wá tẹ̀ lé e, ìyá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lá wọn. Mo rò pé ó ti parí, mo ti ń lọ bu omi, àfi bó ṣe ké. Mo yíjú padà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni mo rí. Ẹ̀ẹ̀kẹta ń bọ̀, ìdí ló fi ń bọ̀. Mo dì í mú, bí ìyá ẹ̀ ṣe ń rọbí ni mo ń fà á jẹ́jẹ́, ó jáde, ṣùgbọ́n kò mí. Bùkọ́, kò mí o! Mo fi ìka kó itọ́ tó dí i lẹ́nu, mo nu imú ẹ̀, mo fi táwẹ́lì gbígbẹ ra á lára, mo ń pe Màmá bí ẹni pé wọ́n wà ní kíṣìnnì, nígbà tó yá mo já koríko kan mo fi tọ́ ọ nímú. Ó sín! Bí ọmọ ọwọ́ tó ti kó òtútù báyìí ló ṣe sín, ó tún sín, ó wá ké. Mo jókòó sínú ìdọ̀tí yẹn mo ń sunkún.

Mo já ewé ìyeyè fún Àdùkẹ́ kí ibi tètè bọ́, bí Màmá ṣe máa ń ṣe, kò sì pẹ́ tó fi bọ́. Àwọn méjì yẹn dìde fúnra wọn wọ́n lọ mu ọmú. Èyí ẹ̀ẹ̀kẹta ò lágbára àtidúró, mo bá fún wàrà àkọ́kọ́ yẹn, èyí tó pọ́n tó sì ki, sínú fídà, mo fi í sẹ́nu ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wàrà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà, inú ẹ̀ ni ààbò tí ìyá ń fún ọmọ wà, tọ́mọ ewúrẹ́ ò bá sì tètè rí i mu lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, àìsàn kékeré ló máa gbé e lọ. Inú páálí ló ń sùn ní kíṣìnnì báyìí. Òun ló kéré jù nínú wọn, ohùn ẹ̀ ló sì ga jù, kò sóhun tí mo lè sọ ọ́ ju Bùkọ́ lọ.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tó kù rèé.

Bùrọ̀dá Dípọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ wá o. Kì í ṣe pé wọ́n wá kí wa. Mọ́tò méjì ni, àwọn ọkùnrin kan tẹ̀ lé wọn, èyí mú téèpù lọ́wọ́, èyí gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí sábéyọ̀ máa ń yọjú wò. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní “Rìsí, ṣé o wà dáadáa,” wọ́n sì kọjá lọ sẹ́yìnkùlé. Látorí kànga dé ìdí ògiri Alájà ni wọ́n wọ̀n. Wọ́n wọ̀n, wọ́n wọ̀n, wọ́n wá ń ri òpó síméǹtì kéékèèké mọ́lẹ̀. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ewúrẹ́ gan-an. Òmíràn, ibi tí pẹ́pẹ́yẹ sàba sí ni wọ́n fẹ́ rì í mọ́, lábẹ́ igi ìyeyè Màmá, pẹ́pẹ́yẹ sì na ọrùn ó ń mí hẹ̀ẹ̀ sí sábéyọ̀ yẹn, ó gbá a ṣòkòtò mú lẹ́nu, wọ́n lọ sún òpó náà síwájú. Inú mi dùn síyẹn, mi ò ní purọ́ fún ẹ.

Mo bi Bùrọ̀dá, mo ní “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ ṣe síbẹ̀?” Wọ́n ní nǹkan ẹbí ni, àwọn máa bá mi sọ̀rọ̀. Títí dòní wọn ò tíì bá mi sọ nǹkan kan. Àdúgbò ló wá ń bá mi sọ ọ́. Ìyá Sìkírù ní wọ́n ti tà á fún ẹnì kan tó fẹ́ kọ́ ilé epo. Alájà ní kì í ṣe ilé epo, ṣọ́ọ̀bù ni, ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ ti sanwó lápá kan. Ẹlẹ́kọ tó ń kọjá lójúde lásán náà ti mọ̀ sí i, ó ní òtẹ́ẹ̀lì ni, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè ló máa máa wá sùn síbẹ̀. Mi ò mọ èyí tó jóòótọ́ nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ ló ní kí n kẹ́rù kúrò. Mo máa ń jí lóru kí n lọ tàn tọ́ọ̀ṣì wo àwọn ẹran mi, bíi pé ẹnì kan ti wá kó wọn lọ.

Ní kúkurú, Mọ́rúfù ti wọlé sí Àgọ́-Ìwòyè, ó ń lọ ó ń bọ̀ láti ilé. Bàbá ẹ̀ ti gbádùn, ẹsẹ̀ yẹn ti wálẹ̀, ó ti ń wa mọ́tò. Ewùrà ti wọ́n débi pé ìkọ́kọrẹ́ ti di oúnjẹ ọdún. Àńtí Bíọ́lá lọ sí Ojúde Ọba nígbà Iléyá pẹ̀lú régbérégbé wọn, lace wọn pọn bí nǹkan míì, ẹṣin ìdílé Balógun kan ta pọ́n-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sá, gèlè já, wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ.

Àwọn adìẹ wà dáadáa. Mo fún wọn ní La Sota, àjẹsára lúkúlúkú yẹn, kí ọyẹ́ tó dé, torí o mọ bí lúkúlúkú ṣe pa tọdún yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Omi ni mo gbà lọ́wọ́ wọn láti alẹ́ kí òǹgbẹ lè gbẹ wọ́n, láàárọ̀ kùtù mo po oògùn náà mọ́ omi kànga, mo bu mílíìkì oníyẹ̀fun díẹ̀ sí i, mi ò lo omi ẹ̀rọ torí oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ á pa àjẹsára náà. Wọ́n mu ún tán kí oòrùn tó mú. Pẹ́pẹ́yẹ ló ṣì wà lórí ẹyin. Tadìẹ, ọjọ́ 21 ni, tòun ó máa lọ sí ọjọ́ 35, kò sì ṣeé gbé kúrò, tí o bá gbé e ó máa kọ ẹyin sílẹ̀ ni.

Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyí, Bùkọ́, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan. Ibo ni mo fẹ́ kó wọn lọ? Àbúrò ọkọ mi ní Òru ní kí n kó ewúrẹ́ wá sọ́dọ̀ òun, ó ní ààyè wà. Ó ṣeun, Ọlọ́run á san án fún un. Ṣùgbọ́n ọjà ló ti ń ra tiẹ̀, ó ń rà á ó ń tà á, kò sì gún èyíkéyìí lábẹ́rẹ́ rí. Àrùn kata ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Àsìkò ọyẹ́ báyìí ló sì ń mú, ewúrẹ́ tó bá ti ọjà dé ló ń gbé e wá, ojú á máa ṣepin, imú á máa ṣàn, ẹnu á bó, ìgbẹ́ gbuuru, wọ́n á kú tẹ̀ léra wọn. Èmi ti gún tèmi, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Vom lọ́hùn-ún lápá Jos, dọ́kítà ẹranko ló bá mi gún un. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tuntun yìí ò tíì lè gbà á, dọ́kítà ní ó di bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Tí mo bá kó wọn lọ sáàárín ewúrẹ́ ọjà nísinsìnyí, mo ti lọ sin wọ́n nìyẹn.

Àti oúnjẹ wọn. Ibí yìí, èèpo gbágùúdá kì í wọ́n wa torí àwọn tó ń ṣe gàárì lẹ́yìn ilé, wọ́n á kó o fún mi ọ̀fẹ́, màá sá a sóòrùn títí á fi gbẹ kí májèlé inú ẹ̀ lè lọ, màá dà á pọ̀ mọ́ èèrí ògì. Ewé ìyeyè wà lórí igi, agunmáníyè wà létí ògiri. Màmá ló gbìn gbogbo ẹ̀ o. Màmá ló ní kí n máa sìn níbẹ̀, ojú ẹ ni wọ́n ṣe sọ ọ́, ọjọ́ tí o ń lọ sí Kánádà, tí wọ́n fi okùn Elétí-kan lé mi lọ́wọ́ tí wọ́n ní “Rìsí, kí ẹ̀yìnkùlé mi má pa kẹ́kẹ́ o.” Kò tíì pa kẹ́kẹ́ rí, Bùkọ́. Títí di àárọ̀ yìí, ariwo ló ń jí mi.

Mi ò sọ pé kí ìwọ àti Bùrọ̀dá jà. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n, wọ́n sì ní ìṣòro tiwọn, mo gbọ́ pé owó ilé ìwòsàn ìyàwó wọn pọ̀. Tí mo bá wà ní ipò wọn, ó ṣeé ṣe kémi náà ta nǹkan. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí ni. Kò sẹ́ni tó lè dá ilẹ̀ ẹbí tà láìjẹ́ pé àwọn ọmọ tó kù fọwọ́ sí i, obìnrin kúkú ń jogún nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìwọ kì í ṣe àlejò nílé Màmá. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti pè ẹ́. Tí wọ́n bá ti pè ẹ́ tí o sì ti gbà, sọ fún mi lójú korokoro, màá gbà á bẹ́ẹ̀, màá sì ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ.

Tí wọn ò bá tíì pè ẹ́, ohun méjì ni mo ń bẹ̀ ẹ́. Bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀yìnkùlé títí àwọn ọmọ yìí á fi gba abẹ́rẹ́, tí pẹ́pẹ́yẹ á fi pamọ. Èkejì, bi wọ́n bóyá wọ́n lè yọ igun tí igi ìyeyè wà sílẹ̀, kí wọ́n tà á fún mi. Owó ẹ̀ ò sí lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n mo ní àjọ tí màá kó lẹ́yìn ọdún, aṣọ ọdún sì ń wọlé, màá san án díẹ̀díẹ̀ tó bá jẹ́ ojú ẹ ni. Èmi fúnra mi ò lè bi wọ́n. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà wọn lẹ́ẹ̀kan, mo yí padà, torí lójú wọn èmi ni Rìsí tó ń wá jẹ ẹ̀bà ní kíṣìnnì yín.

Wọ́n ní àwọn tó sanwó yẹn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Jọ̀ọ́, pè wọ́n ṣáájú ọjọ́ náà, kí o sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ kí o tó dá ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ sílẹ̀, o mọ bí wọ́n ṣe máa ń gbóná. Fọ́tò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bọ̀ lórí WhatsApp tí iná bá dé, èyí tó ní àmì funfun níwájú orí ni Bùkọ́.

Ọ̀rẹ́ ẹ títí ayé,
Rìsí
Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó

Àǹkárá tí o ní kí n bá ẹ rà ti wà nílẹ̀, yáàdì mẹ́fà ni, sọ ẹni tí màá fi rán fún mi.