Ilẹ̀ wa pọ̀ ní Mówè, ilé la ò ní

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ owó ilé l'Ékòó bá ti dé inú ìwé ìròyìn, ìjọba ni gbogbo wa máa ń kọjú sí: ìgbà wo ni wọ́n máa kọ́lé fún mẹ̀kúnnù, kí ni wọ́n máa ṣe sí àwọn ájẹ́ńtì. Kò burú, èmi náà á kan ìjọba tó bá yá. Àmọ́ akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí níbi iṣẹ́ wa, nílé ìwòsàn, àwa òṣìṣẹ́ fúnra wa ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. A ti ra ilẹ̀ títí, a ti pín pulọ́ọ̀tì títí, koríko ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dáwọ́ pínpín ilẹ̀ dúró ná, kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yàrá nítòsí ibi iṣẹ́, kí ọmọ ẹgbẹ́ máa gbé e, kó sì máa sanwó rẹ̀ lóṣooṣù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Láti ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ ₦85,000. Ti ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ₦70,000. Bí ẹni tó ń gba ₦85,000 kò bá jẹun, tí kò wọkọ̀, tí kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ₦1,020,000 ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọdún bá parí. Ní Yábàá, yàrá kan ṣoṣo tó ní ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ lè gbé gbogbo rẹ̀ mì, kí ájẹ́ńtì tó gba tiẹ̀, kí lọ́yà tó gba owó agirimẹ́ńtì, kí onílé tó ní òun á gba owó kọ́ṣọ̀n nítorí ohun tó bá bàjẹ́. Òfin ilé yíyá tí Èkó ṣe lọ́dún 2011 ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, pé ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. (Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀.) Onílé tó ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀, èmi ò tíì gbọ́. Bó bá tiẹ̀ ṣe pé gbogbo onílé ń pa òfin náà mọ́, ìṣòro wa ò tíì tán: owó oṣù là ń gbà, owó ọdún ni wọ́n ń bèèrè.

Ibẹ̀ ni alájẹṣẹ́kù ti wọlé. Kí owó oṣù wa tó dé báńkì ni wọ́n ti máa ń yọ ti ẹgbẹ́ kúrò. Ẹni tó bá ti ń dá owó fún oṣù mẹ́fà lè yá ìlọ́po méjì ohun tó ní lọ́dọ̀ wa, bí ọmọ ẹgbẹ́ méjì bá dúró fún un. Láyé ìgbà kan, owó ilé ìwé ọmọ ló ń lé èèyàn wá bá akápò. Ní báyìí, owó ilé ló gbawájú. A kì í gbé owó náà fún ẹni tó yá a. Orúkọ onílé la máa ń kọ sí i, nítorí a mọ ohun tí owó lè dà láàárín ọ́fíìsì àti ilé, pàápàá tí ìnáwó ẹbí bá ti ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù méjìlá. Ká sòótọ́, ẹgbẹ́ ló ń sọ owó ọdún di owó oṣù fún òṣìṣẹ́, kì í ṣe ìjọba, kì í sì í ṣe báńkì. Mo mọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹrù wọn ì bá ti wà níta bí kò bá sí i.

Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń di ìwé owó náà mú, mò ń rí ibi tó ń lọ. Ọdún á yí po, onílé á fi owó lé e, ọmọ ẹgbẹ́ á tún wá yá. Owó tí nọ́ọ̀sì, awakọ̀ áńbúláǹsì àti ìyá tó ń fọ wọ́ọ̀dù jọ ń kó jọ, àpò onílé ló ń dé sí, kò sì sí bulọ́ọ̀kù kan tí a lè nawọ́ sí pé tiwa ni.

Ìdáhùn tí gbogbo ẹgbẹ́ ní sí èyí ni ilẹ̀. Ẹgbẹ́ á ra éékà mélòó kan ní Mówè, Ìbàfò, Ọ̀fàdà tàbí lọ́nà Ìkòròdú, yóò gé e sí pulọ́ọ̀tì, yóò sì máa yọ owó rẹ̀ lára owó oṣù fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Lójú ìwé, ó dùn. Bí ẹ bá wọ inú rẹ̀ lọ, ẹ ó rí i pé éékà kan máa ń bí pulọ́ọ̀tì mẹ́fà tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, bí ẹ kò bá yọ ojú títì kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wo ló máa gbà pé kí wọ́n yọ títì lára tòun? Nítorí náà, ọ̀nà tí ọkọ̀ yanrìn máa gbà kì í sí. Ẹgbẹ́ tí kò bá gbé ìwé àwòrán ilẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn awọnlẹ̀ ìjọba kó tó sanwó, ó lè ra ilẹ̀ tí ìjọba ti fọwọ́ lé láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ onílẹ̀ ń dúró: owó ìpìlẹ̀ ọ̀tọ̀, owó dẹ́kìn ọ̀tọ̀, owó òrùlé ọ̀tọ̀, àfi bí ẹni tó ń bá èèyàn jẹ ogún. Èkó àti Ògùn ti ṣòfin lé wọn lórí lọ́dún 2016, àmọ́ ẹni tó dá dúró sínú igbó pẹ̀lú bíríkìlà méjì kò ní ibi tó máa ti ka òfin fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni iná. Àdúgbò tuntun ló ń dá owó ra tiransifọ́má fúnra rẹ̀, òpó àti wáyà pẹ̀lú. Ìjọba Èkó ló ń san owó oṣù wa, ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni ibi tí ilẹ̀ Mówè wà; kò sí èyí nínú àwọn méjèèjì tó ka ara rẹ̀ sí ẹni tó yẹ kó la títì náà.

Ká wá ní ọmọ ẹgbẹ́ borí gbogbo rẹ̀, ó kọ́ yàrá méjì, ó kó wọlé. Ó kú oríire. Mówè sí Èkó ńkọ́? Nọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ gbaṣẹ́ ní agogo méje àárọ̀ ní láti kúrò nílé nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́, ẹni tó bá sì parí iṣẹ́ ọ̀sán lálẹ́ kì í lọ sílé mọ́, orí àga nínú wọ́ọ̀dù ló ń sùn. Àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ ni mo máa ń káàánú jù lọ. Wọ́n ní iṣẹ́, wọ́n ní owó tí ẹgbẹ́ yá wọn, onílé á ní kí wọ́n lọ mú ọkọ wá. Lọ́dún 2024, kọmíṣọ́nnà ètò àyíká Èkó, Tókunbọ̀ Wahab, sọ fún ayé pé àwọn rí yàrá 86 lábẹ́ afárá Dolphin Estate, tí àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ń san nǹkan bíi ₦250,000 lọ́dún. Wọ́n lé wọn, wọ́n wó o. Ọ̀pọ̀ èèyàn fi wọ́n ṣẹ̀sín. Èmi rò pé ẹni tó lè san irú owó bẹ́ẹ̀ kó lè sùn lábẹ́ afárá n'Íkòyí, ó ní ibi tó gbọ́dọ̀ dé láàárọ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ yàrá, tí mi ò sọ ilẹ̀. Ní Mùṣín, Agége, Ṣómólú àti Òṣòdì, àwọn ilé kọjúsími-kí-n-kọjúsíọ wà tí ẹni tó kọ́ wọn ti kú, tí àwọn ọmọ sì ń wá ẹni tó máa rà á kí kálukú mú ìpín tirẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí ẹgbẹ́ bá rà á, tó tún un kọ́ ní alájà méjì, lè gba òṣìṣẹ́ tó pọ̀. Kí ọmọ ẹgbẹ́ máa san owó oṣù, kí ẹgbẹ́ máa yọ ọ́ lórísun bó ṣe ń yọ àwọn yòókù. Kò ní sí ájẹ́ńtì, kò sì ní sí owó agirimẹ́ńtì. Owó tó ti ń lọ sọ́dọ̀ onílé á máa padà sínú àpò tí a ti yọ ọ́. Bí ẹnì kan bá fẹ̀yìn tì tàbí tí wọ́n gbé e lọ ibòmíì, ẹlòmíì á wọlé. Ṣùgbọ́n kí lọ́yà ẹgbẹ́ là ojú rẹ̀ dáadáa, nítorí ilé ẹbí ni: bí olórí ẹbí kò bá sí nínú títà rẹ̀, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bó bá sì wà níbẹ̀ tí àwọn àgbà ẹbí yòókù kò fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ lè yí i padà.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ nípàdé. "Ṣé ayálégbé lẹ fẹ́ ká máa jẹ́ títí láé ni?" Yorùbá ò kúkú fẹ́ràn ká kú sílé onílé. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ₦85,000, tó ra pulọ́ọ̀tì lónìí, yóò ṣì yá ilé gbé fún ọdún mẹ́wàá, ọdún márùndínlógún, kó tó fi páànù bo tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọdún yẹn ni mò ń sọ, ibi tó máa sùn nínú wọn. Bó bá sì rọrùn fún un, owó tó ṣẹ́kù lè wá di bíríkì ní Mówè.

Ìjọba ti fi hàn wá nígbà kan pé ilé mẹ̀kúnnù ṣeé kọ́. Láàárín 1979 sí 1983, Lateef Jákáńdè, gómìnà Èkó nígbà náà, kọ́ ọ sí Ìsọlọ̀, Ìbà, Àbẹ̀sán, Amúwo-Ọ̀dọ̀fin àti ibòmíì. Àwọn ẹlẹ́nu ní bulọ́ọ̀kù kan náà ló ń tún kọ́ kiri. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ àti akọ̀wé gbé inú rẹ̀. Ètò tí Èkó gbé kalẹ̀ lọ́dún 2016, pé kí èèyàn san ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé, kó kó wọlé, kó san ìyókù fún ọdún mẹ́wàá, ètò tó mọ́gbọ́n wá ni fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ga. Òṣìṣẹ́ tó kéré jù kò sí nínú rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni National Housing Fund. Láti ọdún 1992 ni òfin ti ní kí wọ́n máa yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sínú rẹ̀, kó lè yá owó kọ́lé lọ́dọ̀ Federal Mortgage Bank pẹ̀lú èlé ìdá 6 péré. Èlé ìdá 6 ní Nàìjíríà! Ṣùgbọ́n báńkì ń fẹ́ ìwé ilẹ̀ tó dúró, tí gómìnà fọwọ́ sí, nítorí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Rìsíìtì ẹbí àti ìwé awọnlẹ̀ ni ilẹ̀ alájẹṣẹ́kù ní. Báyìí la ṣe ń dá owó tí a kò lè fọwọ́ kàn. Báńkì náà ní ẹ̀yáwó kan tó wà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó fẹ́ kọ́lé fún ọmọ ẹgbẹ́. Ìwé ilẹ̀ yìí kan náà ló ń dènà rẹ̀. Bí ìjọba Èkó àti Ògùn bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, kí wọ́n ya tábìlì kan sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ọ́fíìsì ilẹ̀, kí wọ́n dín owó ìwé náà kù fún ilẹ̀ tí èèyàn púpọ̀ jọ ni. Ọkọ̀ ojú irin Èkó tí wọ́n ń pè ní Red Line ti ń kó èrò láti Agbádó dé Oyíngbò láti ọdún 2024. Ilẹ̀ ìjọba tó bá wà nítòsí àwọn ibùdó rẹ̀, kí wọ́n má tà á fún oníléeṣẹ́ ńlá nìkan. Kí wọ́n yá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìlera nínú rẹ̀, ká fi kọ́ yàrá.

Àwọn tí kò ní owó oṣù tí ẹnikẹ́ni lè yọ nǹkan lára rẹ̀ tún wà, àwọn alápatà, aláàárù, ẹlẹ́ja. Nigerian Slum/Informal Settlement Federation ń kó irú wọn jọ ní àwọn àdúgbò etí omi, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń ka ilé wọn fúnra wọn, wọ́n ń ya àwòrán àdúgbò wọn kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé kò sí èèyàn níbẹ̀. Ìjọba lé èèyàn tó lé ní 30,000 kúrò ní Otodo Gbame, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò etí omi l'Ékòó, láàárín 2016 sí 2017. Ní oṣù Kẹfà 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé lílé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ láìfún wọn níbi tí wọ́n máa lọ tako ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní sí iyì ọmọ ènìyàn. Ìdájọ́ náà kò dá ilé kankan padà, àmọ́ ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn kọ nípa àdúgbò wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ó sì wúlò ju ọ̀pọ̀ ìwé tí àwa tó ní ọ́fíìsì ń tẹ̀ lọ.

Mo ti fi àbá tèmi sínú ìwé ìpàdé gbogbogbò ẹgbẹ́ wa. Ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ yín, Olóòtú, kò pọ̀. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan bá wà nílẹ̀ Yorùbá tó ti ń yá ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yàrá lóṣooṣù, ẹ bá wa rán akọ̀ròyìn lọ síbẹ̀. Kó béèrè iye tí wọ́n ń gbà, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, àti ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú ilé. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa kọ́kọ́ bi mí.

Èmi ni tiyín,
Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan,
Ìbàfò.