Dátà àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ibi tó yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀

Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa lo wà? Táíwò àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí, ara wa sì le.

Inú mi dùn nígbà tí mo kà á nínú lẹ́tà rẹ pé ìwọ ni wọ́n ní kí o máa ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítà àti ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ lórí dátà ìwádìí wọn. O béèrè pé fláàṣì wo ló dára jù láti tọ́jú dátà náà sí. Jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Ìwé ìyọ̀ǹda, èyí tí ẹni tí wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ń tẹ̀ka sí, ni kí o kọ́kọ́ wò, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde nílé rárá.

Ká ní ẹnì kan fẹ́ lọ fọ̀rọ̀ wá àwọn àgbẹ̀ kòkó lẹ́nu wò ní Ìdànrè. Tó bá ti wà nínú ìwé tí àgbẹ̀ tẹ̀ka sí pé "a ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ìwádìí", ó ti parí nìyẹn. Bó ti wù kí dátà náà wúlò tó, kò sẹ́ni tó lè gbé e fún olùwádìí mìíràn láìyẹ àdéhùn. Kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: "A ó yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín kúrò, a ó sì tọ́jú ìyókù kí àwọn olùwádìí mìíràn lè lò ó." Kí wọ́n kà á sí i létí ní èdè tó gbọ́. Nàìjíríà ti ní òfin ààbò dátà láti ọdún 2023, ó sì kan ẹni tó bá ń gba orúkọ àti nọ́ńbà èèyàn.

Orúkọ nìkan kọ́ ló ń tú àṣírí o. Ní abúlé kékeré, "obìnrin, ọmọ ọdún 71, ìyálọ́jà" ti tó láti mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Kí wọ́n kọ "ọdún 65 sókè", kí wọ́n yọ oyè kúrò. Nọ́ńbà GPS, èyí tó ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan wà lórí máàpù, tó bá ní díjíìtì 5 lẹ́yìn àmì ìdá ń mú èèyàn dé ìdí igi kòkó gan-an. Bí wọ́n bá gé e kù sí 2, àyíká tó tó nǹkan bíi kìlómítà 1 ló kù.

Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to dátà sínú òpó àti ìlà, ni mo ń bẹ̀rù jù, torí kì í pariwo tó bá ń ba nǹkan jẹ́. Tẹ nọ́ńbà fóònù sí i, á gé 0 iwájú dànù. Fọ́ọ̀mù 007 á di 7. Kí wọ́n ti sọ òpó yẹn di Text (ọ̀rọ̀, kì í ṣe nọ́ńbà) kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun sí i, torí bí òdo náà bá ti lọ, sísọ òpó di Text lẹ́yìn náà kò lè dá a padà. 03/04/2024 ńkọ́? Kọ̀ǹpútà kan á ní oṣù kẹta, òmíràn á ní ìkẹrin. 2024-04-03 kò ní iyèméjì nínú. Ibi tí kò sí ìdáhùn, kí wọ́n má kọ 99 síbẹ̀, torí á bá wọn wọ inú ìṣirò ọjọ́ orí. Àwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n fi ń sàmì sí ìlà kì í tẹ̀lé dátà lọ bí wọ́n bá fi pamọ́ bíi CSV, ìyẹn fáìlì tí ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà nìkan wà nínú rẹ̀.

Èyí tó kan àwa Yorùbá gan-an: "CSV UTF-8" ni kí wọ́n yàn, kì í ṣe "CSV" lásán, torí UTF-8 ló ń pa àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà mọ́; àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Ọ̀wọ̀ lè di àmì ìbéèrè. Kódà, ọ lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ o tí wọ́n fi àmì kún nísàlẹ̀. Ojú wa kò mọ ìyàtọ̀, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Ìlú kan á di méjì nínú ìṣirò, akẹ́kọ̀ọ́ ò sì ní mọ ìdí. Kóòdù ló dára jù nínú òpó ìlú: OW fún Ọ̀wọ̀, ID fún Ìdànrè.

Fáìlì àkọ́kọ́ tó ti oko dé, kí wọ́n sọ ọ́ di Read-only (kíkà nìkan), kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà rẹ̀. Kí fáìlì àlàyé tí wọ́n ń pè ní README wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ṣàlàyé òpó kọ̀ọ̀kan. Oko náà, ṣé éékà ni àbí hẹ́kítà? Hẹ́kítà 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà 2 àbọ̀, nítorí náà àṣìṣe ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ó wá kan fláàṣì rẹ. Ẹ̀dà 3, orí ohun èlò oríṣi 2, kí 1 wà níbòmíràn. Fláàṣì dára fún gbígbé fáìlì kiri, kò dára fún ìtọ́jú: ó ń kó fáírọ́ọ̀sì ní káfè, ó sì rọrùn láti sọ nù. Láptọ́ọ̀pù àti háàdì tó wà nínú báàgì kan náà, ẹ̀dà 1 ni mo kà wọ́n sí, torí olè kan náà ló máa gbé méjèèjì. Google Drive, àyè ìtọ́jú fáìlì lórí ayélujára, dára, àmọ́ ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ nínú fóldà tó so mọ́ ọn á pa rẹ́ lọ́hùn-ún náà. Lẹ́yìn ọjọ́ 30 nínú Trash, ó lọ pátápátá. Kí wọ́n ṣírò àyè pẹ̀lú. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní WAV (fáìlì ohùn tí wọn kò fún pọ̀), mono, 44.1 kHz, bit 16, ń gba nǹkan bíi MB 5 ní ìṣẹ́jú kan. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 40, wákàtí kọ̀ọ̀kan, á sún mọ́ GB 13, bẹ́ẹ̀ GB 15 ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, tòun ti ímeèlì.

Tí oyè bá jáde, Zenodo, ibi ìtọ́jú dátà ìwádìí lórí ayélujára, ni kí wọ́n gbé e sí. CERN, ilé ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, ló ń bójú tó o láti 2013. Ó ń gba GB 50 fún àkójọ kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń fúnni ní DOI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kì í yí padà, tí àpilẹ̀kọ lè tọ́ka sí. Bó bá jẹ́ fáìlì SPSS (ètò ìṣirò tí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní in), kí ẹ̀dà CSV bá a lọ.

Jọ̀wọ́, fi ìwé ìyọ̀ǹda tí wọ́n ń lò lọ́dọ̀ yín ránṣẹ́ sí mi, kí á jọ wò ó kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ oko. Bá mi kí àwọn ìbejì.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Àkúrẹ́.